Bọ̀ọ̀dá Mi àti Féèpù Oníbátìrì Méjì

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé féèpù náà dé, ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò tú páálí rẹ̀ wò. Mo gbé e lé orí tábìlì ìjẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán wò tán àti fáànù oníbátìrì tí mi ò tíì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mo sì lọ jókòó. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí mo ti kúrò ní báǹkì. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù á fún mi ní ọjà, màá lò ó nínú ilé mi ní ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà, màá sì ṣe fídíò tí màá fi sọ bó ṣe rí fún àwọn tó fẹ́ rà á. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á rò pé ìgbádùn ni. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti ń fi ojú wá àléébù lára gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé rẹ̀, kì í pẹ́ tí ilé náà fi máa ń dà bíi ṣọ́ọ̀bù sí i lójú.

Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkàté ló fi féèpù náà, ìyẹn sìgá oníbátìrì, ránṣẹ́. Obìnrin ni, mo jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, Àǹtí ló sì máa ń pè mí. Ó ti kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù.

“Àǹtí, ọjà yìí yàtọ̀ o. Wọ́n ní ó lè já bọ́ láti orí òrùlé, ó lè bọ́ sómi, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbára ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ẹ bá mi lò ó dáadáa.”

Mo ní, “Mi ò fa sìgá rí láyé mi, ká má tíì sọ féèpù.”

“Ẹ ò lè ṣaláì mọ ẹnì kan tó ń fà á, Àǹtí.”

Òótọ́ ló sọ, mo mọ ẹnì kan. Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ikọ́ wọn láti yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé mi, kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n. Bọ̀ọ̀dá ni mò ń pè wọ́n láti kékeré. Bíríkìlà ni wọ́n, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí sáìtì kan ní Ìkàté, níbi tí ilé tuntun ti ń ga kọjá òrùlé àwọn ilé àtijọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, orí sáìtì ni Bọ̀ọ̀dá ń sùn. Wọ́n á lọ sí ilé wa ní apá Ọ̀ṣun lọ wo ìyàwó wọn, wọ́n á tún padà wá sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ìyàwó wọn kú, ilé yẹn sú wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, torí ọmọ mi wà ní yunifásítì, èmi nìkan ni mo sì kù sílé.

Bọ̀ọ̀dá wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ní, “Ṣé o sùn dáadáa?” Tí mo bá gbé oúnjẹ fún wọn nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní, “O ṣeun.” Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ẹ̀yìn, wọ́n á ṣáná sí sìgá. Aládùúgbò wa obìnrin ti wá fẹjọ́ sùn mí pé èéfín náà ń gba fèrèsé wọlé bá àwọn ọmọ òun. Mo ní màá bá wọn sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́. Kò sí agbára tí mo fẹ́ fi pe ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣọ̀fọ̀ jókòó pé kí wọ́n má mu sìgá mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo tú páálí náà. Dúdú ni féèpù ọ̀hún, rọ́bà líle ló bò ó lára, ó sì tóbi débi pé àtẹ́lẹwọ́ mi ò gbà á tán. Ó ní ojú kékeré kan tí nọ́ńbà ń hàn níbẹ̀, bọ́tìnì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdérí irin sì wà nísàlẹ̀ níbi tí bátìrì méjì ń gbà wọlé. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń de tánkì mọ́. Gíláàsì róbótó ni tánkì yẹn, inú rẹ̀ la ó rọ omi olóòórùn dídùn sí. Wáyà kékeré tí òwú yí ká wà láàárín rẹ̀, kọ́ìlì ni wọ́n ń pè é. Téèyàn bá tẹ bọ́tìnì, bátìrì á mú kọ́ìlì gbóná, omi tó ti rin òwú á sì di èéfín. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn, inú ìwé pélébé tó bá a wá ni mo sì ti kà á.

Mo dúró títí Bọ̀ọ̀dá fi ti ibi iṣẹ́ dé.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe nǹkan kan.”

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sókè sódò. “Kí lèyí? Ṣé tọ́ọ̀ṣì ni?”

“Féèpù ni. Àwọn kan ń fà á dípò sìgá.”

“Ta ló ní kí n fi sìgá sílẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fi í sílẹ̀, sà. Iṣẹ́ mi ni. Ẹ kàn máa fà á, kí ẹ máa sọ bó ṣe rí fún mi. Èmi ò mọ̀ ọ́n fà.”

Wọ́n tẹjú mọ́ mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bínú ni.

“Ó rẹ̀ ẹ́,” ni wọ́n sọ.

“Ó rẹ̀ mí, Bọ̀ọ̀dá.”

“Ó dáa. Bá mi rọ omi rẹ̀ sí i.”

Omi olóòórùn máńgòrò ni mo rọ sínú tánkì. Ìwé náà sọ pé kéèyàn fún òwú láyè kó mumi yó kó tó fà á. Mo ṣàlàyé fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ṣáná sí sìgá láti ìgbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn dúró de èéfín. Wọ́n tẹ bọ́tìnì, wọ́n fà á. Òwú tó ṣì gbẹ jó. Ikọ́ gbé wọn dìde lórí àga, omijé bọ́ lójú wọn, mo sì sáré lọ bu omi wá.

Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀. Sọ fún wọn pé mo jẹ òwú.”

Ìyẹn nìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ àwàdà lẹ́nu Bọ̀ọ̀dá láti ìgbà ìsìnkú.

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti wẹ̀, tí wọ́n sì ti jẹun, a máa ń jókòó sí bákónì iwájú. Màá gbé fóònù mi sáàárín wa kó máa gba ohùn wọn sílẹ̀, màá sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè bí akọ̀ròyìn. Mo rò pé wọn ò ní í sọ ju ọ̀rọ̀ kan méjì lọ. Àṣé mi ò mọ ẹ̀gbọ́n mi tó.

“Báwo ni adùn rẹ̀ ṣe rí lẹ́nu yín?”

“Ó dà bí ìgbà téèyàn jẹ máńgòrò lójú àlá. O gbọ́ òórùn rẹ̀, o ò rí nǹkan kan gbé mì.”

“Bátìrì rẹ̀ ńkọ́?”

“Bátìrì ò burú. Tí mo bá gbé e jáde láàárọ̀, á bá mi dópin iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó wúwo jù. Ó ń fa ṣòkòtò mi wálẹ̀ bí ẹni pé mo ki búlọ́ọ̀kù bọ àpò.”

“Tánkì rẹ̀ ńkọ́?”

“Tánkì yẹn ò dáa. Ó ń jò. Tí mo bá nà gbalaja nígbà ìsinmi ọ̀sán, omi rẹ̀ á ti rin mí lára. Gbogbo ara mi ń ta sánsán bíi máńgòrò, àwọn lébìrà wá ń bi mí pé ta ni mò ń lọ fẹ́ níyàwó.”

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lọ́jọ́ tí iná bá wà, ara wa á balẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá sí, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á bo ohùn wa mọ́lẹ̀, a ó sì máa sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni ń jà. Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tí mò ń tòògbé lẹ́nu ìbéèrè, tí Bọ̀ọ̀dá náà ń tòògbé lẹ́nu ìdáhùn. Wọn ò fi sìgá sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó dín kù. Aládùúgbò wa tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

Ìrọ̀lẹ́ kan ni mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo rò pé kò ju ìbéèrè lásán lọ. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ń rí nínú sìgá tí ẹ ò rí nínú eléyìí?”

Wọ́n ń yí féèpù náà po lọ́wọ́. Mo rò pé wọn ò gbọ́ mi, mo fẹ́ tún un bi, ni wọ́n bá la ẹnu.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí láti ilé pé ìyàwó mi ti lọ, orí iṣẹ́ ni mo wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá fa sìgá ni. Bí fóònù ṣe dún, sìgá wà lẹ́nu mi. Ẹni tó pè mí sọ̀rọ̀ títí, ó parí ọ̀rọ̀, ó ń ké, mi ò yọ sìgá yẹn lẹ́nu. Mo ń fà á títí iná fi jó mi ní ètè. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnu mi bá ti ṣófo, ó máa ń ṣe mí bíi kí n figbe ta. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń fi nǹkan dí i.”

Fóònù ṣì ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo na ọwọ́, mo pa á.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò sọ ọ́ fún èèyàn kankan?”

“Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Gbogbo wa ló rẹ̀.”

Mo ń nu ojú mi, àwọn náà ń wo ọ̀ọ́kán. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n lọ sùn, mo sì lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni féèpù yẹn já bọ́. Orí dẹ́kìnì òkè kejì ilé tí wọ́n ń kọ́ ni Bọ̀ọ̀dá wà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé búlọ́ọ̀kù, ó yọ́ nínú àpò wọn, ó lọ balẹ̀ sórí òkìtì òkúta gíráníìtì nísàlẹ̀. Inú ọ̀rá dúdú ni wọ́n kó o sí wálé. Bí wọ́n ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì mi, ẹ ó rò pé ọmọ tó fọ́ àwo ni.

“Mo ti ba ọjà ọlọ́jà jẹ́.”

Mo gbọn ọ̀rá náà sórí tábìlì. Gíláàsì tánkì ti fọ́ yángá, omi máńgòrò ti dà sí gbogbo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n féèpù fúnra rẹ̀ kàn ha lára ni. Mo tẹ bọ́tìnì, ojú rẹ̀ tàn. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́.

“Bọ̀ọ̀dá, ohun tí mò ń wá gan-an nìyí!”

Mo gbé fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bọ̀ọ̀dá ń wò mí.

“Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo já bọ́ ńkọ́,” ni wọ́n wí, “ṣé wàá ya fọ́tò?”

Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ bu oúnjẹ fún wọn. Gíláàsì mìíràn wà nínú páálí, èyí tí wọ́n fi pamọ́ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a sì pààrọ̀ èyí tó fọ́.

Oníṣọ́ọ̀bù tún pè mí. “Àǹtí, fọ́tò yín dáa gan-an. Ti omi ló kù o.”

Ike omi kan nínú bálùwẹ̀ ti tó láti fi ṣe é. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé òkun á dùn ún wò nínú fídíò, mo sì sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé ká jọ lọ sí etíkun Ẹlẹ́kọ̀ ní Sátidé. Wọ́n ní pẹ̀lú gbogbo ìgbà tí àwọn ti ń gbọ́ ohùn òkun láti orí sáìtì, àwọn ò tíì ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ rí.

Àwọn tó wá ṣeré òpin ọ̀sẹ̀ ti pọ̀ díẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. A rìn kọjá wọn lọ sí ibi tí àwọn apẹja fa ọkọ̀ wọn gòkè sí, tí wọ́n jókòó ti àwọ̀n tí wọ́n ń tún ṣe. Bọ̀ọ̀dá ká ṣòkòtò wọn dé orúnkún, wọ́n mú féèpù dání, wọ́n wọnú omi. Èmi dúró sórí iyanrìn pẹ̀lú fóònù.

Mo ní, “Ẹ tún wọlé díẹ̀ sí i, Bọ̀ọ̀dá.”

Wọ́n tún wọlé díẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ri féèpù náà bọ omi, wọ́n gbé e sókè kí n rí i pé ó ṣì ń tàn, wọ́n sì yíjú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nítorí pé èmi ni wọ́n kọjú sí ni wọn ò fi rí ìgbì tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó gbá wọn lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Mo rí ọwọ́ wọn kan. Lẹ́yìn náà, mi ò rí ọwọ́ yẹn mọ́.

Mo figbe ta. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Apẹja méjì fi àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n sáré wọnú omi, wọ́n wọ́ Bọ̀ọ̀dá jáde ní apá. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ Bọ̀ọ̀dá lélẹ̀ lórí iyanrìn, omi tú jáde lẹ́nu wọn. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ikọ́ tó tẹ̀ lé e kò dáwọ́ dúró. Bí wọ́n ṣe ń húkọ́ ni ètè wọn ń dúdú sí i, tí wọ́n ń fa èémí bí ẹni ń wọ́ ẹrù lórí àpáta.

Àgbà nínú àwọn apẹja náà wò mí. “Ìyá, omi inú wọn ti jáde. Àyà wọn ni kò dáa. Ẹ tètè gbé wọn lọ sọ́síbítù.”

Féèpù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá. Mo ní láti tú ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó rí i gbà. Ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ṣe mí bíi kí n jù ú padà sínú òkun. Mi ò jù ú. Mo sọ ọ́ sínú báàgì mi, a sì wọ ọkọ̀.

Ní ọsíbítù kan ní Àjàh, dókítà obìnrin kan gbọ́ àyà wọn níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n fi ike tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé bo ẹnu àti imú wọn. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé omi òkun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, pé àyà wọn ti ń bàjẹ́ tipẹ́. Lọ́jọ́ kejì tí ara wọn balẹ̀ díẹ̀, ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fà.

“Sìgá,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. Wọ́n tún na ìka sí báàgì mi. “Àti ti inú ibẹ̀ yẹn.”

“Bàbá, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. Mi ò ní tan yín pé ọ̀kan sàn díẹ̀ fún irú àyà tí ẹ ní yìí.”

“Mo gbọ́, dókítà.”

Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Orí àga ni mò ń sùn. Kò sí ibi tí kò dùn mí lára nígbà tí a padà sílé.

Síbẹ̀, mo ní fídíò láti ṣe. Mo sọ ohun tí mo rí. Mo ní ara féèpù náà le, ó já bọ́, kò fọ́, ó wọ òkun, kò kú, àmọ́ iyọ̀ ti mú ojú ihò tí wọ́n fi ń ṣájì rẹ̀, ó ti ń dípẹtà. Mo ní bátìrì méjèèjì ń pẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gun àkàbà kò ní gbádùn ìwúwo wọn. Mo ní tánkì rẹ̀ kò bá a dọ́gba, ó ń jò, gíláàsì rẹ̀ sì ń fọ́. Mo wá bi Bọ̀ọ̀dá bóyá wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi parí rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì wọn ni wọ́n wà.

“Sọ fún wọn pé ara rẹ̀ le ju tèmi lọ.”

Mo fi ohùn wọn sí i bẹ́ẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí oníṣọ́ọ̀bù kó kọ́kọ́ wò ó, ló bá pè mí.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ti tánkì. Ẹ sì yọ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn. Ta ló máa rà á?”

“Mi ò ní yọ ọ́.”

“Kí ló dé, Àǹtí?”

“Ó rẹ̀ mí.”

“Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn kẹ̀.”

“Òun náà ni mo ní.”

Mo gbé fídíò náà jáde. Àwọn kan bú mi pé mò ń ba ọjà jẹ́, àwọn kan ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí i rà. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ẹ bá wa kí bàbá yẹn. Ṣé ara wọn ti yá?” Oníṣọ́ọ̀bù ò fi ọjà ránṣẹ́ sí mi mọ́. Mi ò bínú sí i. Iṣẹ́ òun náà ni.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá lè rìn dáadáa, wọ́n ní ká lọ dá féèpù náà padà. Mo ní kí n fi ránṣẹ́, wọ́n ní rárá, àwọn fúnra àwọn ló máa gbé e lọ. Ní Ìkàté, wọ́n yọ bátìrì méjèèjì, wọ́n tò wọ́n sórí káńtà, wọ́n gbé féèpù tì wọ́n. Oníṣọ́ọ̀bù náà mọ ohùn wọn bí wọ́n ṣe kí i. Ó jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ má bínú. Ṣé ara ti le?”

“Ó ń le bọ̀, ọmọ mi. Dìde.”

Ó bu omi tútù fún wa, a mu ún. Bí a ṣe jáde, onísìgá kan wà lẹ́bàá ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá dúró. Èmi náà dúró. Wọ́n wo àtẹ rẹ̀ títí, wọ́n wá kọjá, wọ́n ra orógbó lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e, wọ́n bu ọ̀kan jẹ. Mi ò ní sọ pé wọn ò fa sìgá mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ti ká wọn mọ́ ẹ̀yìn ilé lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ pa nígbà tí wọ́n rí mi.

A wọ kọ́rópè, bọ́ọ̀sì kékeré, tó ń lọ sí Àjàh. Kí ó tó gbéra dáadáa, Bọ̀ọ̀dá ti sùn, orí wọn bọ́ sórí èjìká mi. Èémí wọn ń dún díẹ̀, ṣùgbọ́n kò há. Nígbà tí a dé ibi tó yẹ ká ti bọ́ sílẹ̀, awakọ̀ pariwo orúkọ ibẹ̀, ó tún pariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ jí Bọ̀ọ̀dá.

Mo ní, “Máa gbé wa lọ. A ó bọ́ sílẹ̀ níwájú.”